Kíkọ́ Ilé Ẹbí sí Orí Ilẹ̀ Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní Lọ́kọ́jà

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ ní kí àwa tí a ti kọ́lé sí ìlú yìí wá sọ ohun tí ojú wa rí, nítorí pé àwọn kan nínú wa ti ń tu owó jọ láti ra ilẹ̀. Àwa kì í ṣe ẹnjiníà. Ìwé mẹ́fà ni a kà, aṣọ ni a ń tà, ìwé owó ẹgbẹ́ ni a sì ń kọ. Ṣùgbọ́n àwa àti àwọn àbúrò wa méjì ti kọ́ ilé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ kan náà, ẹni tí ó bá sì kọ́ ilé kan lẹ́ẹ̀mejì kò ní ṣàì ní ohun tí yóò sọ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ti ibi tí a ó rà. Ojú wa máa ń fà sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, nítorí pé ilé kíkọ́ sórí rẹ̀ kò le. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́bàá odò ní ìlú yìí, àwọn tí ń tà á kò sì bèèrè owó gọbọi. Ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí kò fi wọ́n. Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ni ó pàdé níwájú wa. Òkè Patti tí ó ga ju mítà 400 lọ ni ó wà lẹ́yìn wa. Àárín odò àti òkè ni Lọ́kọ́jà há sí. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lẹ́bàá odò, odò fúnra rẹ̀ ni ó tẹ́ ẹ bí ẹní, ìgbà tí ó bá sì wù ú ni yóò padà wá jókòó lórí ẹní rẹ̀.

Ní 2012 ó padà wá. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún náà, omi wọ inú ilé ní Ganaja, ní Adankolo, ní Kabawa, ó sì dí ọ̀nà tí ó lọ sí Àbújá pa. Òjò púpọ̀ ni ó fà á, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Lagdo ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù sì wà lára rẹ̀. Ní 2022 ó tún padà wá ní oṣù kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà rántí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àti ìkòkò lérí wá sí ilé ìwé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ilẹ̀ ìsàlẹ̀ hàn yín, ẹ má ṣe bi ẹni tí ń tà á nípa omi. Ẹ lọ bi aládùúgbò rẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ọwọ́ kan ògiri ibi tí omi 2012 dé, ẹ ó sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Bí a bá sá fún odò, orí òkè ni ó kù, àti pé ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni òkè ń fún ènìyàn. Èyí ni ó mú wa ra tiwa ní ìdí òkè. A ṣe bí a gbọ́n. A ti sá fún omi ìsàlẹ̀, a kò rántí omi òkè. Àwọn àgbà sì ti wí pé àgbàrá òjò kò lóun ò níí wólé, onílé ni kò níí gbà fún un. Àwa onílé kò mọ bí a ti ń kọ̀ fún un.

Ilẹ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 100 ní gígùn, ó jẹ́ 60 ní fífẹ̀. Ọ̀nà wà ní apá òkè rẹ̀, ilé aládùúgbò wa kan, obìnrin Núpé, wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilé tí a fẹ́ kọ́ jẹ́ 50 ní gígùn, 40 ní fífẹ̀: yàrá mẹ́jọ, pálọ̀ méjì, ilé ìdáná, àti yàrá ìyá wa. A wo ilẹ̀ náà lójú lásán, a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. A kò wọ̀n ọ́n. Bíríkìlà wa gbé ògiri kan dìde ní ìsàlẹ̀ láti dá iyẹ̀pẹ̀ dúró. Ó ní kí a lo òkúta, àwa ni a ní kí ó lo búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 nítorí owó. A kó iyẹ̀pẹ̀ dà sí ẹ̀yìn rẹ̀, a kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, a sì gbé apá kan ilé náà lé iyẹ̀pẹ̀ yìí lórí. Nígbà tí a fi máa kan páànù, owó ti tán. A lọ fi ọwọ́ kan owó ọjà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kejì, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀gànjọ́. Omi òkè gba abẹ́ ilé wọlé, iyẹ̀pẹ̀ mu omi yó, ògiri ìsàlẹ̀ sì wó lọ sí inú ilé ìdáná obìnrin Núpé náà. Yàrá méjì wa tẹ̀lé e, ọ̀kan nínú wọn ni yàrá ìyá wa. Ọlọ́run ni ó yọ wá, nítorí pé ìyá wa ti jáde síta nígbà tí ó gbọ́ tí ilẹ̀ ń sán. Obìnrin tí a ba ilé ìdáná rẹ̀ jẹ́ yìí ni ó gbé ìyá wa sùn sí yàrá tirẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kò bú wa. Ìyá wa ni ó sọ̀rọ̀ sí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní èmi ni ẹ kọ́lé fún. Òjò ni ẹ kọ́ ọ fún." Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá ju owó tí ó ṣègbé lọ.

Nítorí náà, ohun tí a ó sọ láti ìsinsìnyí lọ, ìyà ni ó kọ́ wa, ẹnjiníà tí a wá pè nígbẹ̀yìn ni ó sì bá wa ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ náà ni a gbọ́dọ̀ wò kí a tó ya ilé.

Ẹ wọn ilẹ̀ yín kí ẹ tó san owó ìkẹyìn. Kò gba ọgbọ́n ńlá. Ẹ ra rọ́bà tí a lè rí omi inú rẹ̀ láti ìta, kí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70. Ẹ bu omi sí i, kí afẹ́fẹ́ má ṣe há sí inú rẹ̀. Ẹ ri òpó kan mọ́ òkè ibi tí ilé yóò wà, ẹ ri ìkejì mọ́ ìsàlẹ̀. Kí ẹnì kan di orí rọ́bà kan mú lára òpó òkè, kí ẹlòmíràn di orí kejì mú lára òpó ìsàlẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí lára òpó méjèèjì, ọgbọọgba ni wọ́n, nítorí pé omi kì í purọ́. Ẹ wọn láti ojú omi dé ilẹ̀ ní òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ ti òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀. Tiwa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 ní òkè, ó jẹ́ 6 ní ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí a ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 5 rẹlẹ̀ láàárín ibi tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ó parí sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó ka ẹsẹ̀ bàtà 5 yìí. Bí a bá fẹ́ kí ilẹ̀ inú ilé tẹ́jú láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó kó iyẹ̀pẹ̀ kún un. Ní òkè kò gba nǹkan kan, ní ìsàlẹ̀ ó gba 5. Bí a bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ 2 àti ààbọ̀ káàkiri. Ẹ fi 50 lọ́nà 40, kí ẹ tún un fi lọ́nà 2 àti ààbọ̀: ó di 5,000. Ẹ wò ó bí àpótí 5,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Típà tí ó bá ń kó àpótí 135 lẹ́ẹ̀kan yóò wá ní ìgbà 37. Ìyẹn nìkan kọ́, nítorí pé iyẹ̀pẹ̀ tí a bá tẹ̀ dáadáa a máa sọ̀kalẹ̀, nítorí náà típà á lé ní 40. Gbogbo owó yìí, abẹ́ ilẹ̀ ni ó wọ̀. Àlejò kankan kò ní rí i kí ó kí yín kú oríire.

Ohun tí ẹnjiníà sọ fún wa ni pé kí a má ṣe bá ilẹ̀ jà. Ó ní kí a pín ilé sí méjì, kí ìdajì òkè wà ní ipò tirẹ̀, kí ìdajì ìsàlẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ rẹlẹ̀ sí i, kí a sì fi àtẹ̀gùn márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 6 so wọ́n pọ̀. Ínṣì 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30, èyí ni ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀ gẹ́lẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ tí ó jẹ́ àpótí 5,000 di 2,500. Bí a bá sì wa ilẹ̀ apá òkè ìdajì kọ̀ọ̀kan tí a fi kún apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a má pe típà rárá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tún dà ju èyí lọ, tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 8 tàbí 9 rẹlẹ̀, lè rí yàrá odidi kan sí abẹ́ ilé níhà ìsàlẹ̀ láti fi ṣe ilé ẹrù. Ibi tí à bá fi iyẹ̀pẹ̀ dí yóò wá di ohun èlò.

Ti ìpìlẹ̀ nìyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ògiri lé iyẹ̀pẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà. Ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá iyẹ̀pẹ̀ títun, kí ó dé ilẹ̀ líle tí Ọlọ́run dá síbẹ̀. Ihò ìpìlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dà bí ilẹ̀ ṣe dà. Bí àtẹ̀gùn ni a ń gbẹ́ ẹ, kí ìsàlẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan tẹ́jú bí omi inú abọ́. Ẹ sì mọ iye tí gíga ń jẹ. Ògiri ìta ilé wa yíká jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 180, a sì ní nǹkan bí 100 ògiri inú. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré tí a bá fi gbé gbogbo wọn ga sí i, ó ń jẹ búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí ó tó 250. Ẹni tí kò bá wọn ilẹ̀ rẹ̀ kò ní mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ gbà lọ.

Ti ògiri tí ń dá ilẹ̀ dúró, omi ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń pa á ju iyẹ̀pẹ̀ lọ. Èyí tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, òkúta àti sìmẹ́ńtì ni. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìdí rẹ̀ sì nípọn ní 3, ìyẹn ìdajì gíga rẹ̀, ó ń tín-ín-rín bí ó ti ń gòkè. A fi páìpù kéékèèké la inú rẹ̀ já káàkiri kí omi lè rí ọ̀nà jáde, a sì da òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa dí páìpù. Ògiri tí ó bá ga ju èyí lọ, ẹ má ṣe dá a ṣe. Ẹ pe ẹnjiníà. Owó tí a san fún tiwa kò tó iye ilé ìdáná tí a tún kọ́ fún aládùúgbò wa.

Ní ẹ̀yìn ilé ní apá òkè, ẹ la gọ́tà tí yóò pàdé omi òkè kí ó tó dé ara ògiri, kí ó gbé e gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ darí rẹ̀ sí. Àwa ni àlejò, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Núpé, Haúsá àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni aládùúgbò wa. Omi tí ẹ bá tú sí ilé wọn, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni yóò dà. Ẹ fi kànga tàbí ẹ̀rọ omi sí apá òkè, ẹ fi ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè sí apá ìsàlẹ̀, kí ó sì jìnnà sí kànga aládùúgbò ìsàlẹ̀. Yàrá àwọn àgbà, kí ó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ọ̀nà àbáwọlé, kí ilé ìwẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀. Ìyá wa kì í gun àtẹ̀gùn kankan báyìí. Àwọn ọmọdé ni wọ́n wà ní ìpele ìsàlẹ̀, àtẹ̀gùn márùn-ún kò sì jẹ́ nǹkan kan fún ẹsẹ̀ wọn.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Ẹ kọ iye ẹrù kí ẹ tó kọ iye náírà. Iye búlọ́ọ̀kù tí ilé yóò jẹ kì í yí padà. Iye owó rẹ̀ ni ó ń yí padà láti ọjà dé ọjà. Sìmẹ́ńtì ń ti Obajana tí kò jìnnà sí wa jáde, síbẹ̀ owó rẹ̀ kò dúró sójú kan. Bí ìwé yín bá sọ pé búlọ́ọ̀kù mélòó, àpò sìmẹ́ńtì mélòó, ọ̀pá irin mélòó, ẹ lè fi owó òní ṣírò rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ mọ ibi tí ẹ dé. Ẹ má sì ra sìmẹ́ńtì jọ pamọ́ fún ọdún kan nítorí ìbẹ̀rù owó, òkúta ni yóò dà. Ẹ ra irin tàbí páànù jọ bí ẹ bá ní ibi tí kò ní jò.

Nígbà àkọ́kọ́, a ṣètò pé 15 nínú 100 náírà ni yóò wọ abẹ́ ilẹ̀. Ìwé wa fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 40. Nígbà kejì, láìka owó ilẹ̀, báyìí ni a pín ọgọ́rùn-ún náírà: 10 fún ìwé, awọnlẹ̀, àwòrán ilé àti ẹnjiníà, 30 fún abẹ́ ilẹ̀, ìpìlẹ̀, ògiri òkúta àti gọ́tà, 30 fún ògiri ilé àti òrùlé, 20 fún ilẹ̀kùn, fèrèsé, iná àti omi, 10 a so mọ́ ìdí aṣọ, a kò fọwọ́ kàn án àfi bí ohun tí a kò rò bá dé. Ó sì dé. Kì í ṣe òfin ni a ń kà fún yín o, olúkúlùkù ní ilẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó ń fi owó ilẹ̀ títẹ́jú ṣètò, orí líńtẹ̀lì ni yóò dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí fún ara wa láìfi bò: owó ọjà kì í ṣe owó ilé. Èsúsú ni kí a fi kọ́lé, èrè ni kí a fi kọ́lé, kí a má ṣe fi ojú owó kọ́ ọ. Ní ọdún tí a fi owó ọjà kan páànù, ìsọ̀ wa ṣófo, àwọn oníbàárà wa sì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn kan nínú wọn kò padà. Kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀: ìpìlẹ̀ àti ògiri òkúta ní ọdún kìíní, ìdajì òkè pẹ̀lú òrùlé ní ọdún kejì kí ẹ kó wọ̀ ọ́, ìdajì ìsàlẹ̀ ní ìgbà tí Ọlọ́run bá pèsè. Ilé oní-ìpele méjì gba irú èyí ju ilé kan gbọ̀nrangandan lọ. Kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tí òjò ti lọ, kí ìpìlẹ̀, ògiri òkúta àti gọ́tà ti parí kí òjò oṣù kẹrin tó dé.

Ilé ẹbí tí ẹni púpọ̀ dá owó sí gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mú owó wá kọ orúkọ rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Ẹ kọ yàrá tí ó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí ògiri tó dìde, ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí ògiri wa wó, àwa àti àwọn àbúrò wa kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, nítorí pé kò sí ìwé tí ó sọ iye tí oníkálùkù mú wá.

Ẹ gba ìwé ìjọba pẹ̀lú. Láti ìgbà tí Òfin Ilẹ̀ ti dé ní 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ìwé tí ẹni tí ó tà á fún yín kọ kò tó. Ẹ mú un dé ilé-iṣẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ àwọn aṣètò ìlú kí ẹ tó gbẹ́ ihò. Ẹ rántí àwọn ará wa ní Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba ibẹ̀ fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ejìgbò tí wọ́n ti ń tajà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ bọ̀ wálé. Lọ́kọ́jà kì í ṣe Gánà. Orílẹ̀-èdè wa ni, òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sì sọ pé ọmọ Nàìjíríà lè ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí kò ní ìwé, ẹnu lásán ni.

Ìlú yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ àlejò lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1841, àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wá sí ìpàdé odò yìí, ọmọ Yorùbá láti Òṣogùn, Samuel Ajayi Crowther, sì wà nínú wọn. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n dá oko sílẹ̀. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ní 1842 oko náà sì tú. Owó kò wọ́n wọn, ọgbọ́n ìwé kò wọ́n wọn. Ilẹ̀ ni wọn kò tíì mọ̀. Àwọn kan tún wá lẹ́yìn wọn, wọ́n sì tẹ ìlú dó. Àwa náà wó lẹ́ẹ̀kan, a sì tún kọ́.

Ohun mẹ́ta ni a fi ń bẹ ẹgbẹ́. Èkíní, kí ẹgbẹ́ ra rọ́bà ìwọnlẹ̀ kan, kí ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ wá yá a lọ́fẹ̀ẹ́. Èkejì, kí àwa mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a ti kọ́lé máa bá ẹni tí ó fẹ́ rà lọ wo ilẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí àwọn márùn-ún tí wọ́n fẹ́ san owó lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn dúró títí di ìparí oṣù kẹwàá, kí wọ́n lọ wò ó nígbà tí odò bá kún. Bí ó bá gbẹ nígbà náà, kí wọ́n rà á, a ó sì bá wọn jẹ àsè ìṣílé. Bí omi bá wà lórí rẹ̀, wọn yóò dúpẹ́ pé owó wọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Yàrá tí ìyá wa wà nísinsìnyí, ògiri rẹ̀ kò là. Bí òjò bá ń rọ̀ lóru, a máa ń dìde lọ wo páìpù ara ògiri òkúta. Bí a bá rí omi tí ń jáde níbẹ̀, a ó padà lọ sùn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo wa kọ́lé, kí a sì gbé inú rẹ̀ pẹ́.